Àpò tí Oníbáàgì Fi Abẹ́rẹ́ Rán

Ẹ jẹ́ n sọ ti Oníbáàgì fún yín, ọkùnrin tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi bó bá fọwọ́ kàn án. Bí oníbàárà bá ní ọ̀la lòun máa wá gba báàgì òun, á ní ọ̀la wo. Bí ìyàwó rẹ̀ bá dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá, á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, á tẹ́tí. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àwọn àgbà ló ní ìfura loògùn àgbà, àmọ́ tirẹ̀, ó ń lò ó láàárọ̀, ó ń lò ó lọ́sàn-án, ó tún ń lò ó lálẹ́, bí ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún.

Yàrá iwájú nílé bàbá wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi jókòó sídìí fèrèsé kan náà. Ẹ̀rọ méjì ló ní, ọ̀kan fún awọ, ọ̀kan fún aṣọ, tábìlì gígùn kan sì wà láàárín wọn tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ lójú títí tó fi ń dán. Ẹ̀yìn yàrá yẹn lòun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Bàbá wọn kú láìsọ ẹni tó ni ilé náà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì jọ ni ín.

Ẹ̀gbọ́n yìí, Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì. Lódìkejì ìlú ló ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà. Ọmọ mẹ́ta ló bí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé kí wọ́n ta ilé àtijọ́ yẹn. Bí wọ́n bá tà á, Oníbáàgì ò ní ibi tó máa gbé ẹ̀rọ sí, kò sì ní ibi tó máa fẹ̀yìn lélẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́dọọdún, láti ìgbà tí bàbá ti kú, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí máa ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á fẹsẹ̀ rin orí àwọn òkè fún ọjọ́ mẹ́rin, ibi tílẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n á pàgọ́ sí. Oníbáàgì fẹ́ràn ìrìn náà gan-an, ó sì ní ìdí kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Tíṣà bá ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀, òun á kàn mú ẹsẹ̀ yá ni. Kó tó di pé Tíṣà tí èémí ti fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lé e bá, ọ̀rọ̀ mìíràn á ti gbẹnu wọn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Tíṣà pè é lórí fóònù.

“Àbúrò, a ò rìn lọ́dún yìí. Ojú omi la máa gbà. Mo ti háyà ọkọ̀ kékeré kan, èmi pẹ̀lú ẹ la máa wà á, a ó máa pàgọ́ sétí odò. Ọjọ́ mẹ́ta péré.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni òkè ṣe?”

“Òkè wà níbi tó wà. Ó kàn wù mí ká yí i padà ni.”

“Àbí ẹsẹ̀ ń dùn yín?”

“Ẹsẹ̀ mi le ju tìẹ lọ,” ni Tíṣà wí, ó sì pa fóònù.

Oníbáàgì gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. “O gbọ́ ohun tó wí? Ó ní ó wu òun. Ọkùnrin tí kò yí ọ̀nà tó ń gbà ya irun rẹ̀ padà láti ìgbà tó ti ń ríṣẹ́ ṣe.”

“Ó lè wù ú lóòótọ́,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ibo ni mo fẹ́ sá gbà? Ó fẹ́ há mi mọ́ àárín odò, kó wá là á mọ́lẹ̀ fún mi pé wọ́n ti rí ẹni tó máa ra ilé.”

“Ṣebí o mọ̀wẹ̀?”

“Mo mọ̀wẹ̀.”

“Ó dáa nígbà náà. O ti ní ibi tó o máa sá gbà.”

Ìyàwó rẹ̀ padà sídìí ohun tó ń ṣe. Oníbáàgì ò rí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣé ẹ rí i, ẹni tí ìfura bá ti wọ̀ lára, kódà bí wọ́n bá ń bá a ṣàwàdà, á máa wá ẹni tó rán wọn.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ọkùnrin tó ni ọkọ̀ fún wọn ní jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó, ó fún wọn ní àjẹ̀ méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. “Ẹni ẹ̀yìn ló ń darí. Ẹni iwájú lojú ọkọ̀. Bó bá rí òkúta, kó ké sí ẹni ẹ̀yìn, ọ̀tún tàbí òsì.” Kò tíì sọ tán tí Tíṣà fi di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, tó sì wọlé jókòó síwájú. Oníbáàgì rí i. Ẹni tó bá jókòó síwájú, ẹ̀yìn orí ló ń kọ sí ẹni kejì, wọn ò lè rí ojú rẹ̀ kí wọ́n mọ ohun tó ń rò. Òun náà wọlé sẹ́yìn, ó dijú mọ́rí.

Àárín orúnkún Tíṣà ni báàgì kan wà, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí omi kì í wọ̀. Oníbáàgì fúnra rẹ̀ ló ṣe é fún un lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ká lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ Tíṣà ti wá fi àgádágodo kékeré kan ti ìkọ́ rẹ̀.

“Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Nǹkan tómi ò gbọ́dọ̀ kàn.”

“Títì pa ńkọ́? Ṣé ẹja ló fẹ́ jí i?”

Tíṣà kàn rẹ́rìn-ín. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi wakọ̀, kò dárúkọ ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ì bá dúpẹ́, àmọ́ Oníbáàgì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù sí i. Ní ọ̀sán, ọkọ̀ gbá òkúta kan tó yọrí síta gbangba.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí òkúta yẹn ni?”

“Mo rí i. Mo rò pé ìwọ náà rí i.”

Oníbáàgì ń rò ó lọ́kàn pé ẹni tó bá rí òkúta tí kò sọ, kí ni kò ní rí tí kò ní sọ?

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, Tíṣà ní òun fẹ́ lọ bọ́jú. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn lọ sétí omi, tó ń fọwọ́ kan igi bó ṣe ń lọ. Lójú àbúrò rẹ̀, ìrìn ẹni tó ń gbèrò ni. Báàgì aláwọ̀ ewé sì wà lẹ́nu àgọ́ níbẹ̀, òun nìkan.

Oníbáàgì gbé e sórí itan. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yíká, bó ṣe máa ń ṣe sí ẹrù oníbàárà. Aṣọ wà níbẹ̀, rédíò kékeré wà níbẹ̀, nǹkan pẹlẹbẹ kan tó létí sì wà nísàlẹ̀. Ìwé ni. Kò lè ṣí ẹnu báàgì nítorí àgádágodo, àmọ́ kí ni ti ẹnu? Òun ló lẹ ìdí rẹ̀, òun ló mọ ibi tó máa ti gbà. Ó yọ bíléèdì nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ tí kì í fi sílẹ̀ nílé, ó la ojú ibi tó lẹ̀, ó gùn tó ìka àárín. Ó ti ìka bọ ibẹ̀, ó fa etí ìwé náà wá síta díẹ̀. Àpòòwé ni. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn pẹ̀lú tàdáwà, ọwọ́ ìkọ̀wé Tíṣà ni, ọwọ́ tó rẹwà tí gbogbo ẹbí mọ̀: “Nípa ilé bàbá wa.”

Ó tún un kà. Ó ṣe tán, òun ò ṣì í rò.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti ìwé náà padà. Ó wá ku ojú lílà náà. Báàgì bẹ́ẹ̀, rọ́bà ni, wọn kì í fi abẹ́rẹ́ kàn án. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń lẹ etí rẹ̀ pọ̀, torí ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà, omi náà á gbà. Ogún ọdún ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tó bá ní kó bá òun fi òwú gán an díẹ̀, á sì fi ìbínú lé wọn jáde. Àmọ́ kò sí irin gbígbóná létí odò. Ó mú abẹ́rẹ́, ó mú òwú tó nípọn, ó rán an kíákíá, ó yí ìdí báàgì sísàlẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé omi tó ń ta sínú ọkọ̀ kò tó nǹkan.

Wọ́n tún bọ́ sójú omi. Ìbínú ló ń fi wakọ̀ báyìí, kò wo iwájú dáadáa mọ́, ẹ̀yìn orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Níbi tí odò ti rọra yí, tí omi ti ń sáré, òkúta ńlá kan jókòó sáàárín ọ̀nà. Tíṣà ò ké. Ó gbé orí sókè, ó yí etí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn náà ló ní “Òsì!” Òsì gan-an ni òkúta wà. Ọkọ̀ gbá a, ó dojú dé.

Omi náà ò ju àyà lọ. Oníbáàgì di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú níbi ọrùn jákẹ́ẹ̀tì, ó wọ́ ọ dé ilẹ̀, ó padà lọ mú ọkọ̀, ó mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó mú báàgì. Báàgì náà wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Inú ara rẹ̀ tutù ju omi lọ nígbà tó gbé e.

Wọ́n jókòó sórí iyanrìn. Inú ti ń bí Oníbáàgì tẹ́lẹ̀, ó wá tú u síta. “Ẹ fẹ́ pa mí nítorí ilé ni? Ẹ rí òkúta, ẹ ní kí n forí sọ ọ́?”

“Mi ò rí i,” ni Tíṣà wí. “Ìró omi lára rẹ̀ ni mò ń gbọ́, ìró náà ṣì mí lọ́nà. Àbúrò, mi ò ríran mọ́. Láti oṣù mẹ́rin báyìí, òjìji lásán ni mò ń rí. Lórí òkè ńkọ́, ibo ni mo máa gbẹ́sẹ̀ lé? Ọjọ́ kan lo máa kó òkú mi sọ̀kalẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ inú ọkọ̀, mo lè jókòó, kí á ṣì jọ lọ.”

Tíṣà ń fọwọ́ wá báàgì lórí iyanrìn. Àtàǹpàkò ló fi wá ojú àgádágodo kó tó ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ó yọ àpòòwé náà, ó nà án sí i.

“Tìẹ ni. Mo fẹ́ fún ẹ lálẹ́ òní, àmọ́ gbà á báyìí. Nígbà tí ojú mi ṣì ń ríran díẹ̀ ni mo kọ ọ́. Mo ní mo fi ìpín tèmi nínú ilé sílẹ̀ fún ẹ, kí ẹnikẹ́ni má lé ẹ jáde. Àwọn ọmọ mi mọ ọwọ́ mi. Tí mo bá fẹnu sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á ní o fẹ̀tàn mú afọ́jú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i pé ọwọ́ mi ló kọ ọ́, wọn ò ní janpata. Kà á sókè, kí n gbọ́ bó ṣe dún.”

Oníbáàgì ya àpòòwé náà. Abala ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀, omi ń ro lára wọn. Tàdáwà ti ṣàn, gbogbo rẹ̀ ti di búlúù bíi tọ́ọ̀lù tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Orúkọ bàbá wọn kù lókè díẹ̀, ìyókù kò ṣe é dá mọ̀. Tíṣà jókòó síbẹ̀, ó dojú kọ odò, ó ń dúró.

“Kí ló dé? Àbí ọwọ́ mi ò hàn?”

Ó lè parọ́. Ó rò ó. Ó lè ka ohunkóhun tó bá wù ú, ẹni tó kọ ọ́ ò ní rí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, omi ti wọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.”

“Omi ò lè wọ̀ ọ́. Ìwọ lo ṣe báàgì yẹn.”

“Èmi ni mo là á láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́ fún mi. Abẹ́rẹ́ ni mo fi rán an padà.”

Tíṣà fọwọ́ wá ìdí báàgì, ó fi ìka tọ òwú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “O rán an dáadáa,” ló wí níkẹyìn. Oníbáàgì ní kó dárí ji òun. Tíṣà ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, kó wá ìwé àti bírò, òun á máa pè é, kó máa kọ ọ́.

Ìwé kan tí kò rin púpọ̀ àti bírò wà nínú àpò irinṣẹ́. Oníbáàgì gbé e lé orúnkún. Tíṣà pè é lọ́rọ̀ kan lọ́rọ̀ kan, bó ṣe máa ń pè é fún àwọn ọmọ ilé ìwé: pé ìpín tòun nínú ilé bàbá àwọn, àbúrò òun lòun fi sílẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n parí, Oníbáàgì gbé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí. Ohun tí Tíṣà fà síbẹ̀ wọ́, ó yà bàrá kúrò lórí ìlà, kò jọ ọwọ́ rẹ̀ rárá.

Oníbáàgì ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nínú ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ tó rí wúruwùru. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá òun, òun ò ní gbà á gbọ́.