Ènì Tí Mo Bù sí Lúbúlúbú Dúdú

Ìyá mi ń ta edé ní Ugbonla, kò sì sí oníbàárà tó ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìgba ènì. Bí èmi náà ṣe dàgbà nìyẹn: mi ò lè wọn nǹkan kí n má bu díẹ̀ lé e.

Bàbá mi ń fi ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kó èrò lọ sí Awoye. Iyanrìn inú omi a máa jẹ bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn òrùka ike tí ọ̀pá irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ gbà kọjá. Èmi tí mò ń kọ́ nípa ike ní yunifásítì ní kó fọkàn balẹ̀. Mo yọ́ náílọ́ọ̀nù, mo po gíráfíìnì mọ́ ọn, lúbúlúbú dúdú kan tí wọ́n ń bó lára irú ohun tó wà nínú pẹ́ńsù. Díẹ̀ péré ló ń mú ike le, tí kì í fi í tètè jẹ. Olùkọ́ mi wọ̀n ọ́n fún mi, ó ní n ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan lé e, torí bó bá pọ̀ jù, ṣe ló máa ń ṣù. Bó ṣe kẹ̀yìn ni mo bu ènì sí i. Bàbá mi ló fẹ́ lò ó, kí ni mo fẹ́ ṣahun sí?

Bọ́ọ̀ṣì méjì ni mo rọ. Bàbá fi ọ̀kan sínú ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé, òun àti ìyá mi sì forí lé Awoye. Wọn ò tí ì jìnnà tí èkejì fi bọ́ lọ́wọ́ mi sórí pákó èbúté, ó fọ́ sí mẹ́ta. Inú rẹ̀ kún fún kókó dúdú, bíi púpurú tí wọn ò rò dáadáa. Ara mi bù máṣọ. Bí ti inú ọkọ̀ bá fọ́ báyìí, ìdí ọ̀pá yẹn ni omi á gbà wọlé. Mo pe fóònù wọn títí, kò wọlé. Mo jókòó sí èbúté, mò ń wo ojú omi.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá ti fi mí yangàn káàkiri Awoye, àti pé awakọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé ní kí n ṣe tòun. Ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́. Wọ́n ṣáà ti dé.

"Bàbá, ẹ yọ bọ́ọ̀ṣì yẹn," mo wí. "Mo ti bà á jẹ́ láti ibi tí mo ti ṣe é."

Ó yọ ọ́. Ó já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìyá mi tó ń gbé agbọ̀n edé rẹ̀ lọ, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ òkè ni ìyá rẹ, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló dàgbà sí. Kò mọ omi wẹ̀."