Yìnyín Tí Mo Fi Sí Ìsàlẹ̀

Ẹni tó bá rò pé omi tútù kì í bani nínú jẹ́, kó lọ tà á ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́dún tí tiransifọ́mà àdúgbò jó tí ẹnikẹ́ni kò wá wò ó. Ó ku bí ọdún méjì ká wọ 1990 nígbà náà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo ń tà níwájú ìsọ̀ mi ní Takie. Nígbà tí iná ti lọ bí oṣù méjì, mo sọ fíríìjì mi di àpótí aṣọ. Ó kúkú ní ìlẹ̀kùn tó dáa, eku kò sì lè wọ ibẹ̀.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ti wá ń ra yìnyín, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní jẹnẹrétọ̀. N ó fi lẹ́búlẹ́bú igi láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la pákó bò ó, n ó fi àpò ìdọ̀họ wé e, n ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Bí a bá ti kúrò ní Ọ̀yọ́ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Omi á máa ṣàn gba abẹ́ àga lọ bá ẹsẹ̀ àwọn èrò. Baba kan bi mí nígbà kan pé, "Ìyá, òkú ta lẹ gbé sínú àpò yìí?" Mo ní òkú tèmi ni, pé mo ń gbé ara mi lọ sin ní Takie.

Ohun tó ká mi lára jù lọ́dún náà ni eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí wa. Ọdọọdún ni pírínsípà ibẹ̀ máa ń yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ta ọtí nínú pápá. Ẹni tó bá kù, ẹ̀yìn ọgbà ni yóò dúró sí, tí yóò máa na ọrùn wòran. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi di ààyè náà mú. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú, ọtí mi lọ́ wọ́ọ́rọ́, pírínsípà sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n má bínú, bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, obìnrin tó wà ní òdì kejì títì ni òun yóò gbé ààyè náà fún. Obìnrin yẹn ní fíríìjì tó ń fi kẹrosíìnì ṣiṣẹ́. Fíríìjì náà kò gba igo púpọ̀, ó sì ń rùn bí àtùpà, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i bó ṣe ń rìn ní Takie, bí ẹni pé òun ló bí òjò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì ni mò ń lò. Yìnyín á lọ sísàlẹ̀, n ó gbé òkúta pẹlẹbẹ lé e kó má baà léfòó, n ó to igo lé e lórí, n ó wá da omi sí i. Ta ló kọ́ mi? Ààrò ló kọ́ mi. Iná ń bẹ nísàlẹ̀, ìkòkò ń bẹ lókè, ọbẹ̀ ń hó. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ooru ti ń wọ ìkòkò, ìsàlẹ̀ náà ni òtútù yóò ti wọ igo. Gbogbo wa tí a ń ta omi tútù ní Takie, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Bí ti òkè bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó ki ọwọ́ bọ inú omi dé ìgbọ̀nwọ́, a ó fa ti ìsàlẹ̀ yọ fún oníbàárà, a ó sì ní oòrùn ló fà á. Oòrùn kì í bá ènìyàn jiyàn.

Tíṣà kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé wa. Ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń wí yìí ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, ó sì tínrín bí ẹni tó jẹ́ pé àwòrán ayé ló ń jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń rin orín lọ́wọ́ nígbà tó rí mi pẹ̀lú òkúta mi. Ó yọ orín lẹ́nu, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ibi tí ẹ fi yìnyín sí yẹn kì í ṣe ààyè rẹ̀."

Mo bi í pé níbo wá ni ààyè rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ní ìpẹ̀kun ayé, níbi tí ènìyàn kì í gbé, yìnyín ń bẹ tó nípọn bí òkè. Ó ní láti orí ilẹ̀ ló ti yọ wá, tó wá nà jáde sórí òkun, tó léfòó síbẹ̀ bí ìgbátí òrùlé. Mo ní ta ló kàn án mọ́ ibẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀. Ó ní bí ojú òkun bá ń dì níbẹ̀, iyọ̀ kì í bá a dì. Yìnyín á ta iyọ̀ nù sínú omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi tó ti tutù, tó tún wá gba iyọ̀ kún iyọ̀, á wúwo, á rì. Á máa wọ́ lọ lórí ilẹ̀ òkun, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé ibú òkun ńlá tó jìnnà réré. Omi mìíràn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù ú lọ á gba inú ibú wọlé wá sábẹ́ yìnyín náà, á máa jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Àtijáde àti àtiwọlé, wọn kì í dúró.

Ìtàn náà dùn, n kò purọ́. Mo ní, "Tíṣà, níbo ni dúrọ́ọ̀mù mi wà nínú gbogbo èyí?"

Ó ní, "Òtútù kì í gòkè, Mà. Sísọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ooru ló ń gòkè. Ẹ jẹ́ kí yìnyín léfòó, kí òtútù rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ bá igo. Èyí tí ẹ gbé òkúta lé yìí, ẹ̀wọ̀n lẹ fi sí i lẹ́sẹ̀."

Mo bi í bóyá ó ti dé ìpẹ̀kun ayé yẹn rí. Rárá. Òkun ńkọ́? Ó ní òun ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ní Èkó, nígbà tí òun lọ kí ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní òkun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ fi kọ́ èmi tí èékánná mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nínú omi yìnyín. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí orín rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló tún ń wí i, tó fi di orin sí mi létí.

Ó wá ku ọ̀la eré ìdárayá. Mo lọ Ọ̀yọ́, mo ra yìnyín tó pọ̀. Nígbà tí à ń bọ̀, táyà bọ́ọ̀sì jò. Dírẹ́bà wò ó, ó ní ebi ń pa òun, ó rìn lọ jẹun kó tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Èmi jókòó ti yìnyín mi lójú oòrùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kán sílẹ̀. Nígbà tí a fi dé ilé, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti yọ́ lọ. Inú bí mi, mo sì tún fi lẹ́búlẹ́bú igi tuntun bo èyí tó kù.

Ní ìdájí, agbára káká ni èyí tó kù fi tó dúrọ́ọ̀mù méjì. Tíṣà tún dé. Kí n lè pa á lẹ́nu mọ́, mo ní kó ṣe ọ̀kan bó ṣe fẹ́, kí n ṣe èkejì bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kí gbogbo ayé lè rí ẹni tó gọ̀. Ó to igo, ó da omi sí i, ó fi yìnyín léfòó sókè. Èmi gbé òkúta mi.

Nígbà tí a dé pápá, mo gbé dúrọ́ọ̀mù tèmi sẹ́bàá àtíbàbà pírínsípà àti àwọn àlejò. Mo gbé ti tíṣà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. N kò lè gbé àdánwò síwájú àgbàlagbà. Kó tó di ọ̀sán, ìdí dúrọ́ọ̀mù tíṣà ti kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ń fi igo sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, òtútù rẹ̀ ń mú kí wọ́n máa sín. Mo ki ọwọ́ bọ tèmi. Lókè, bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Nísàlẹ̀, ó ń ta ọwọ́. Mo ní kò burú, n ó fa ti ìsàlẹ̀ fún pírínsípà.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé àgbàlagbà wa kì í gba igo lọ́wọ́ ẹni láwùjọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń mú un, ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n á ti ṣí i, nítorí ayé le. Pírínsípà dé, àwọn àlejò tẹ̀ lé e. Ó na ọwọ́ sí igo òkè.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fa ti ìsàlẹ̀ fún yín."

Ó dúró. "Kí ló ṣe ti òkè?"

Bí mo bá ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti dá ara mi lẹ́bi. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, sà.

Ó ní, "Kí ló wá dé tó jẹ́ igo kan pàtó lẹ fẹ́ kí n mu, Ìyá?"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi tó wà nínú omi. Mo yọ ọ́. Pírínsípà mú igo òkè, wọ́n ṣí i, ó mu ẹnu kan, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

Mo yára ní kí ẹnì kan sáré mú òmíràn wá láti ìdí dúrọ́ọ̀mù kejì, pé yìnyín gidi ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Pírínsípà wo àwọn ọmọ tó ń sín, ó wo igo iwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ní ọtí tútù. Ẹ gbé e fún àwọn ọmọ, ẹ wá gbé gbígbóná fún èmi àti àlejò mi."

Èmi tí mo lè tún ẹjọ́ tó wọ́ ṣe fún oníbàárà mẹ́wàá nídùúró, etí ìró mi ni mo kàn ń fi nu igo náà. Tíṣà sáré dé, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìpẹ̀kun ayé, bí iyọ̀ ṣe ń rì, bí òtútù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Pírínsípà gbọ́ ọ dé ibi iyọ̀, ó ní kó lọ wọn ibi tí àwọn tó ń fò gígùn balẹ̀ sí. Wọ́n ti rán ènìyàn sí Takie lọ pe obìnrin onífíríìjì kẹrosíìnì kí tíṣà tó dé ibẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, obìnrin òdì kejì títì wọ pápá pẹ̀lú igo rẹ̀ tó ń rùn bí àtùpà. Èmi dúró lẹ́yìn ọgbà. Yìnyín ń léfòó nínú dúrọ́ọ̀mù méjèèjì, igo tutù débi tó ń dun eyín, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn tí kò rí àyè wọlé ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló ní wọn kò mu ohun tó tutù tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ sọ ọ́ nínú pápá.