Táwẹ́lì Tíṣà Lai

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kọkànlá ni Lai Yunru dé ilé wa, òun àti àpótí pupa kan tó tóbi jù ú lọ. Nígbà tó kó aṣọ rẹ̀ jáde tán, mo ní kó wọ inú àpótí náà ká wò ó bóyá yóò gbà á. Ó wọ inú rẹ̀ lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe bá wa, èmi tí mo ń fi ìdérí tì í, àlejò tó ká orúnkún mọ́ra nínú àpótí, tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kozue," ni ìyá mi wí, "àlejò tí a gbà, o fẹ́ dá a padà lónìí náà?"

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Yunru. Iṣẹ́ tíṣà ló ń kọ́ ní yunifásítì kan ní Taiwan, wọ́n sì rán an wá sí abúlé wa ní Nagano, ní Japan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó máa kọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé tí èmi ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ. Ó mú ìwé kan dání tó ní ààyè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ilé ìwé á tẹ òǹtẹ̀ pupa sí ààyè kan. Bí ẹyọ kan bá ṣófo, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá méjì ló fi wé ìwé yẹn.

Kí a tó jẹun lọ́jọ́ náà, mo fún un ní táwẹ́lì funfun kan tí wọ́n fi búlúù kọ orúkọ ilé ìwẹ̀ abúlé wa sí. Táwẹ́lì la fi ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò.

"Gbà, Tíṣà," ni mo wí. "O ti di ọmọ ibí. Tí o bá fẹ́ sá lọ, òun náà la máa fi dè ọ́ mọ́ igi ápù."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, bí ojú ẹni tí egungun ẹja há sí lẹ́nu níwájú àna. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. Mo rò pé dídè tí mo ní a ó dè é ló bà á lẹ́rù.

Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Chiayi, ní Taiwan. Òun ló ń gbá ewé, òun ló ń tún àga tó ṣẹ́ ṣe, òun ló ń se omi mímu. Ó máa ń sọ fún Yunru pé, "Mo ti gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ìwọ wọlé." Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ń gbé àwòrán, iwájú orí bàbá nìkan ló sì máa ń hàn, torí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Ní ọjọ́ kejì, Yunru ròyìn ìmọ́tótó ilé ìwé wa fún un: lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àti ọmọ àti tíṣà á kúnlẹ̀, wọ́n á fi àkísà tútù nu ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ la ẹnu.

Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀? Ṣé òkú wà nílẹ̀ ni?"

Yunru túmọ̀ rẹ̀ fún mi, oúnjẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pá mi lórí. Mo ní kó bá mi sọ fún bàbá pé nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, wọ́n dá mi dúró kọjú sí pẹpẹ bàtà torí pé mo rẹ́rìn-ín nígbà ìmọ́tótó. Bàbá ní kí n máa bọ̀ ní Chiayi, orin ni wọ́n ń fi sí i níbẹ̀ tí àwọn ọmọ bá ń gbálẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ kẹta, mo fi ewé bo tata dídín kan lórí ìrẹsì Yunru. Oúnjẹ gidi ni tata lọ́dọ̀ wa, ṣúgà la fi ń sè é, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Nígbà tó ṣí ewé, ó figbe ta, ó jáde lọ sí àgbàlá. Ìgbálẹ̀ ló mú bọ̀. Ó lé mi yí igi ápù ká lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá mi sì ń kà á fún wa.

Ìyẹn ni Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ ni bàbá rẹ̀ àgbà kú, a ò sì mọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ó lọ síbi iṣẹ́, ó gba òǹtẹ̀ karùn-ún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mo tún gbé tata fún un, mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ti wo ọ̀nà tí mo máa gbà sá. Ó jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ ẹsẹ̀ wọn, ó jẹ orí wọn.

"Ó dùn," ni ó wí, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ lọ fọ̀.

Ara fu mí. Mo tẹ̀lé e wọ yàrá. Táwẹ́lì tí mo fún un wà lórí pẹpẹ, nínú ọ̀rá rẹ̀, kò tíì já a.

"Tíṣà, kí ni táwẹ́lì yìí ṣe fún ẹ? Àbí o ń tọ́jú ẹ̀ de ọkọ ni?"

"Nílé wa, ẹni tó bá wá síbi ìsìnkú là ń fún ní táwẹ́lì," ni ó wí. "A kì í fi ta èèyàn lọ́rẹ lásán."

Mo rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé mo ti sin ẹnìkan láìmọ̀."

"Bàbá àgbà kú lọ́jọ́bọ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé omi ti tán nínú kẹ́tùrù. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Wọ́n ti mú ọjọ́ ìsìnkú: Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn tíṣà yóò wá jókòó wo bó ṣe ń kọ́ni, òun náà sì ni ààyè kẹrìnlá. Ìyá rẹ̀ ní kó fúnra rẹ̀ yàn.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ni mo bi í.

"Mi ò tíì mọ̀. Mò ń wá ibi tó ti ń dùn mí lára mi, mi ò rí i." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ọ̀gá bá gbọ́, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n á ṣàánú mi. Àánú ò sì ní òǹtẹ̀."

Èmi ni wọ́n gbé àṣírí lé lọ́wọ́, èmi tí gbogbo ilé ìdáná mọ̀ pé tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí omi ń hó, kó tó hó tán ó ti dé ọjà. Mo há a mọ́ inú. Lọ́jọ́ kẹta tí mo há a mọ́, ìyá mi gbé ọwọ́ lé iwájú orí mi. "Ṣé ibà ni? O ò tíì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀."

Yunru kò ṣàìsàn, kò fìgbà kan pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó ń jẹ, ó ń dúpẹ́, ó ń to bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Èèyàn tó ń gbé ara rẹ̀ kiri bí ìgbà tí wọ́n ní kó bá wọn gbé e dé ibì kan ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìsìnkú, ó tọrọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Gbogbo ọmọ ilé ìwé wa ló ń mú àkísà méjì wá láti ilé, táwẹ́lì ni wọ́n fi ń rán an, àwọn tíṣà náà sì ń mú tiwọn wá. Ó já ọ̀rá, ó gé táwẹ́lì náà sí méjì, ó ṣẹ́ ẹ po.

"Táwẹ́lì tuntun kẹ̀, ọmọ mi?" ni ìyá mi wí. "Àlòkù la fi ń rán an. Àlòkù kún ilé yìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà sì wà níbẹ̀ yẹn."

"Kò burú, màmá. Ọwọ́ náà máa tó o."

Ìyá mi wò mí. Mo ń bó ápù lọ.

Nígbà tó ku èmi àti Yunru, ó sọ ọ́ fún mi láìgbójú sókè. "Mo máa dúró."

"Torí ìwé yẹn?"

"Bàbá àgbà ò jẹ́ pa iṣẹ́ jẹ. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá àgbà, ó kọ́kọ́ lọ gbá ewé ilé ìwé kó tó wá." Ó fi eyín gé òwú. "Mi ò mọ̀ bóyá ohun tó dára nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe ṣe é ni mo mọ̀."

Ó dọjọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ lórí ibi tí pàǹtí ń lọ ni wọ́n ní kó kọ́ wọn. Ọ̀gá ilé ìwé àti tíṣà mẹ́fà tò sí ẹ̀yìn kíláàsì. Mo gbé páálí mílíìkì, mo sì dúró sí ojú fèrèsé bí ẹni tí páálí wúwo fún. Yunru sọ fún àwọn ọmọ pé ní ìlú tòun, ọkọ̀ akópàǹtí máa ń kọrin bọ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé á sì gbé ọ̀rá pàǹtí wọn jáde lọ pàdé rẹ̀. Ó wá fi fọ́tò kan hàn: bàbá arúgbó kan, ìgbálẹ̀ ọparun lọ́wọ́ rẹ̀, òkìtì ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tsumugi nawọ́. "Tíṣà, ta ni bàbá yẹn?"

"Òun ló ń gbá ọgbà ilé ìwé kan níbẹ̀."

"Ṣé ó ṣì ń gbá a?"

"Rárá. Ó ti parí iṣẹ́."

Mo wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wákàtí kan ni a fi ṣáájú Chiayi. Ohùn Yunru kò gbọ̀n, kò ga, kò lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ lẹ́jìkà. "Tíṣà Lai, ọkàn rẹ mà balẹ̀ o. Bí ẹni tó ti kọ́ni fún ogún ọdún."

Ó tẹrí ba, ó dúpẹ́.

Nígbà tí agogo ìmọ́tótó lù, mo bọ́ fìlà ilé ìdáná. Iṣẹ́ tèmi kọ́ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yunru rí mi tí mo ń bọ̀, ó na àkísà kejì sí mi. A kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa láàárín àwọn ọmọ, a sì ń nu ilẹ̀ onípákó náà lọ, a ń fà á bọ̀. Kò sí ohun tí mò ń gbọ́ ju aṣọ lára igi, àti omi nígbà tí ẹnìkan bá ń fún àkísà rẹ̀ sínú garawa. Ọ̀rọ̀ bàbá wá sí mi lọ́kàn, *ṣé òkú wà nílẹ̀ ni?* Kò pa mí lẹ́rìn-ín, kò sì pa mí lẹ́kún. Mo dá a lóhùn nínú mi pé, Ó wà, bàbá. A ń nu ilẹ̀.

Agogo lù. Tsumugi wò mí láti òkè délẹ̀. "Àǹtí oúnjẹ, ẹ̀yin náà lè dákẹ́?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni."

Yunru ń fọ àkísà náà lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi yìí tutù?"

"Yìnyín ni."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára," ni ó wí, ó sì ń fọ̀ ọ́ lọ.

Ó kọ nọ́ńbà kíláàsì sí i, ó sá a sáàárín ti àwọn ọmọ. Tsumugi bi í bóyá yóò mú un lọ tó bá ń lọ sílé.

"Rárá," ni ó wí. "Ó máa wà níbí."

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá tẹ òǹtẹ̀ kẹrìnlá. Yunru fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ, ó sì dá a padà sínú ọ̀rá. A jọ ń rìn lọ sílé láàárín àwọn igi ápù tí wọ́n ti ká tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe wèrè kankan lónìí."

"Mò ń sinmi ni."

"Ẹ ṣe ọ̀kan."

Mo ronú, nǹkan kan ò wá. Mo gba báàgì rẹ̀, mo gbé e karí, mo na ìdí sẹ́yìn, mo sì ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó dúró, ó wò mí títí mo fi ṣe é tán. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé," ni ó wí.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó. Ó ku ààyè kan nínú ìwé rẹ̀.