Àpótí Àwòrán Alhaji Bùsàrí

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Alhaji Bùsàrí, ayafọ́tò wa ní Ìkàrẹ́, parí ìjà láàárín kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti àpótí rẹ̀. Àpótí dúdú kékeré kan ni, wáyà ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ ni Alhaji ń kó fọ́tò àti fídíò gbogbo ìnáwó ìlú pamọ́ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí àpótí kankan. Ìyàwó tuntun kan sì ti jókòó, ó ń retí fọ́tò rẹ̀.

Alhaji tẹ́ ẹní síwájú tábìlì, ó jókòó bí olórí ẹbí.

"Ìwọ kọ̀ǹpútà, ìwọ làgbà. Kí ni àpótí fi ṣe ọ́ tó ò fi fẹ́ rí i sójú mọ́?"

Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ báyìí títí Clement ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀kà, fi dé. Clement bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn tábìlì. Adìẹ kan ló ń sàba síbẹ̀.

"Alhaji, adìẹ ló fa wáyà yọ."

"Ẹ ò rí i? Ṣebí mo ti ní ẹnì kan ló wà láàárín wọn!"

Adìẹ náà ni wọ́n fi jẹun ọ̀sán.

Ẹ má gbàgbé "Alhaji" yẹn o. Láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé ni kò ti dá ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò lára orúkọ òun lóhùn mọ́. Ní ọjọ́ kan ní Ọ̀kà, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbàgbé báàgì kámẹ́rà sẹ́yìn ọlọ́kadà.

Clement kígbe lódìkejì títì. "Bùsàrí! Bùsàrí! Ọlọ́kadà ń gbé báàgì rẹ lọ!"

Alhaji gbọ́. Kò wẹ̀yìn. Ìgbà tí Clement fi máa rántí pe "Alhaji", ọ̀kadà ti forí lé ọ̀nà Ìkun.

"Ìwọ lo fà á," ni Alhaji wí. "Ká ní o pè mí dáadáa ni."

Ọlọ́run ṣe é, ọlọ́kadà náà dá báàgì padà nírọ̀lẹ́.

Ti ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń ṣí àpótí ńkọ́? Àárín ọjà ló ti sọ ọ́ fún Clement lórí fóònù.

"Raliat ni mo pè é! Orúkọ ìyàwó mi! Àṣírí ni o, má sọ fún ẹnikẹ́ni!"

Àwọn aláta dáhùn, "Alhaji, a ti gbọ́. A ò ní sọ."

Ó ti kú báyìí. Àárọ̀ ló kú, kí á tó kírun ìrọ̀lẹ́ a ti sin ín. Ó dùn wá dé egungun. Ìgbà tí Raliat ń wá fọ́tò rẹ̀ tí yóò máa wò la wá rí i pé ẹni tó ya gbogbo ìlú kò ní ẹyọ kan. Bí a bá ní kó wá dúró ya fọ́tò, á ní, "Ta ni yóò wá tẹ kámẹ́rà?" Fídíò kan péré ló wà, èyí tí Ummulkhair ọmọ wọn já kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti yà lọ́jọ́ yìgì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú àpótí ló wà.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti bàjẹ́ kí olówó rẹ̀ tó lọ. Clement gbé tuntun wá láti Ọ̀kà. Tuntun rí àpótí, ṣùgbọ́n àpótí kò gba àlejò: ó ní kí ẹni tó fẹ́ wọlé sọ orúkọ rẹ̀, kó tó sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ọ̀rọ̀ àṣírí kò le, àwọn aláta pàápàá mọ̀ ọ́n. Clement kọ "Alhaji Bùsàrí" síbi orúkọ. Àpótí kọ̀. Ó kọ "Alhaji" nìkan. Àpótí kọ̀. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò sì jẹ́ yọ "Alhaji" kúrò lára rẹ̀, pàbó ló já sí.

"Ìyá Ummu, ó ku ká tú u. Mi ò sì lè ṣèlérí pé fídíò yẹn ò ní bàjẹ́."

Raliat wo àpótí náà yípo. "Ìgbà wo ló ra àpótí yìí?"

"Kó tó lọ sí Mẹ́kà ni."

"Ẹ yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, Raliat kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí. Bàbá Ummu ni. Kódà nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í ní orúkọ ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ bímọ, ó ní kí wọ́n lọ bi ọkọ òun níta. Báyìí, ó fa gèlè bojú díẹ̀, ó fi ìka kan tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Bùsàrí. Bẹ́ẹ̀ lásán.

Àpótí ṣí.

"Ẹ má bínú, Bàbá Ummu," ni Raliat wí.

Alhaji yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń ju ọwọ́. "Ummu, gbé kámẹ́rà yẹn sílẹ̀! Ta ló ní kó o yà mí?" Lẹ́yìn náà ló tún fìlà rẹ̀ dé. "Ó dáa, yà mí dáadáa, kí ìyá ẹ rí mi wò."

Raliat bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Clement tẹjú mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Bùsàrí," ni ó pè é, jẹ́jẹ́.

Kò dáhùn.

"Alhaji."

Èyí náà, kò dáhùn.

Raliat nu ojú rẹ̀, ó ní kí Clement tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.