Orúkọ Tí Wọ́n Fi Bírò Pupa Fagi Lé

Ọdún kẹta rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti gbé ipò akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí tó tún fà mí síta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí bóyá ìbínú ló gbé mi dé gbọ̀ngàn Mápó, bẹ́ẹ̀ ni, ìbínú ni.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Sìkírátù àbúrò mi bí ló kú. Ìyá ọmọ náà ò lè jẹun mọ́, kò lè jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Òjé. Èmi ni mo mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Bẹẹrẹ, níbi tí wọ́n ti ń fi ìjíròrò wo ọkàn tó gbọgbẹ́. Lẹ́yìn ìjókòó mẹ́rin, ìbànújẹ́ rẹ̀ tún le sí i, ó sì pa ìtọ́jú náà tì. Kò sẹ́ni tó ti ilé ìtọ́jú náà wá wò ó.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ibẹ̀ kéde pé gbogbo ẹni tí àwọn tọ́jú ló ti gbádùn. Èmi àti Sìkírátù lọ bá a. Ó ṣí ìwé orúkọ. Wọ́n ti fi bírò pupa fagi lé orúkọ àbúrò mi.

Ó ní, “Màmá, àwọn tó parí ìtọ́jú nìkan là ń kà.”

Mo bi í pé ta ló béèrè lọ́wọ́ àwọn tó parí bóyá ara wọn yá. Ó ní àwọn tó tọ́jú wọn ni. Mo ní ta ló máa wo ojú ẹni tó ti fi sùúrù gbọ́ ẹkún rẹ̀, kó wá sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ò wúlò? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé lọ sílé. Mo pinnu pé màá dójú tì í.

Mo wá àwọn tó pa ìtọ́jú tì bíi ti Sìkírátù kiri, láti Bẹyẹrúnká dé Ọjà'ba. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá náà fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ rẹ̀, a jókòó sórí àtẹ̀gùn Mápó, káàdì ìtọ́jú kálukú wa lọ́rùn. A ní kí wọ́n ka gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi kèké yan àwọn tó máa kọ́kọ́ gba ìtọ́jú àti àwọn tó máa dúró díẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá ìjíròrò ló ń woni sàn tàbí ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́. Kí àjèjì tí kò mọ ẹni tó ti gba ìtọ́jú àti ẹni tí kò tíì gbà á bi wọ́n bóyá ara wọn yá, kó sì tún padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n lé wa. Àmọ́ àwọn àlejò tó fẹ́ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ti ń ka káàdì wa. Wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ wọn padà, wọ́n sì ní kí àwọn mìíràn tún ìwádìí náà ṣe bí a ṣe wí.

Mo ń retí pé irọ́ gbáà ni wọ́n máa pe ìtọ́jú náà. Àbájáde fi hàn pé ara ọ̀pọ̀ ẹni tó gba ìjíròrò náà yá ju ti àwọn tó dúró lọ, ṣùgbọ́n kò ran àwọn kan lọ́wọ́, ó sì dá kún ìrora àwọn díẹ̀. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo kà á sétí àwọn obìnrin wa bí wọ́n ṣe kọ ọ́, torí ohun tí a jà fún nìyẹn.

Wọ́n yọ ọ̀gá náà nípò nítorí àwọn orúkọ tó fagi lé. Mo lọ dúró ní òdìkejì títì ní Bẹẹrẹ, mo ń wò ó bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ síta. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Mo sáré lọ sọ fún Sìkírátù. Ó bi mí pé,

“Ṣé ó bẹ̀ mí?”

Mo ní rárá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, látìgbà tí ẹ ti ń bá a jà, ṣé ẹ tiẹ̀ ti wá ẹlòmíràn tí màá máa bá sọ̀rọ̀?”

Kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Lónìí, gbogbo ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ni wọ́n ń kà, títí kan ẹni tó bá sá. Àwa la jà fún un. Ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin yẹn ṣì kù, mi ò sì tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Sìkírátù, ọrùn mi ló wà.