Ọgọ́sàn-án Àmì Ìyá Lẹ́tà

Bí ẹ bá wọ Òkèlele tí ẹ ní Màsúdát lẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé Màsúdát wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Lẹ́tà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn gan-an á nawọ́ sí i fún yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi pín lẹ́tà nílùú Ìlọrin. Ẹsẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún un ní kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ bàjẹ́, ó padà sórí ẹsẹ̀. Ó mọ ilé tí wọ́n ti ń ka lẹ́tà sókè kí gbogbo ará ilé lè gbọ́, ó mọ ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ẹní. Ìyá kan wà ní Adéta tó jẹ́ pé Màsúdát fúnra rẹ̀ ló máa ń bá a ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ tó wà ní Jídà, bó bá sì dé ibi tó lè ba ìyá nínú jẹ́, á fò ó. Èyí kò sí nínú òfin iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Nígbà tí fóònù wá kárí, lẹ́tà gbẹ bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màsúdát fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní ìwé ẹ ṣeun àti aago ògiri kan. Kì í ṣe àìsí lẹ́tà ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan mọ́. Gbogbo agboolé tó mọ̀ nílùú yìí, orúkọ wọn ń pòórá lójú rẹ̀. Ilé Oníkànga, tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹni tó gbé tiransifọ́mà wá sí àdúgbò, òun ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní "ẹ̀gbẹ́ tiransifọ́mà"! Bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, orí rẹ̀ á gbóná. Á ní kí wọ́n tún un pè dáadáa. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn kan ní àdúgbò Fate ń ya máàpù ìlú Ìlọrin sórí fóònù, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù tó sì mọ ìlú kó wá.

"Mo ní méjèèjì," Màsúdát dá rédíò lóhùn. Ó gbé ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wá bàtà.

Moṣọpẹ́ ló pàdé níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ilẹ̀. Àwọn òbí Moṣọpẹ́ wá láti Ìkìrun, Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ tó bá ti kọjá Ọjà Ọba báyìí, ó ti sọnù nìyẹn. Àwọn tó kó jọ pọ̀ díẹ̀: nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù fún àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, tó fi dórí ọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì tó kàn fẹ́ràn máàpù ni tirẹ̀. Àwọn kan ń fi ṣiṣẹ́ jẹ, àwọn kan ń fi ṣeré. Moṣọpẹ́ kọ́ Màsúdát bí wọ́n ti ń lo áàpù náà: dúró síbi tó o fẹ́, jẹ́ kí sátẹ́láìtì rí ọ, tẹ àmì, kọ orúkọ, fi pamọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ilé ìdáná ara rẹ̀ ni Màsúdát fi pamọ́ nígbà mọ́kànlá. Lọ́sẹ̀ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, bó bá ti kírun Àsárì tán, á wọ bàtà, ó di ìta. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó ti fi àmì sí ọgọ́sàn-án agboolé, orúkọ wọn pé pérépéré. Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn á rò pé ó ti lọ Mẹ́kà bọ̀, bí ojú rẹ̀ ti ń dán.

Ìpàtẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún ní Fate ni wọ́n ti fẹ́ gbé máàpù náà jáde fún gbogbo ènìyàn. Ó wá ku ọjọ́ méjì, Moṣọpẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Òkèlele. Ó kúnlẹ̀, ó jókòó, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹnjiníà Láníyọnu ló ń yẹ máàpù wò. Wọ́n fi àmì yín wé àwòrán sátẹ́láìtì, wọ́n ní kò sí ọ̀kankan tó bọ́ sórí ilé. Wọ́n ní ká yọ gbogbo ẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìpàtẹ."

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀?"

"Ọgọ́sàn-án, Màámi. Wọ́n ní ọ̀kan wà láàárín títì, ọ̀kan wà lábẹ́ igi, ọ̀kan wà lórí àtẹ onímọ́sà. Wọ́n ń béèrè pé ṣé agboolé náà ń kiri ọjà ni."

Màsúdát kò rẹ́rìn-ín. "Orí òrùlé ni wọ́n fẹ́ kí n fi sí? Ṣé ẹyẹ ni mí? Odidi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò fi lẹ́tà kan ṣoṣo jíṣẹ́ lórí òrùlé rí!"

Ó wá là á yé e. Agboolé kan lè ní ogójì yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà níhìn-ín, ìyàwó tuntun lọ́hùn-ún. Orúkọ ènìyàn àti orúkọ agboolé nìkan ló máa ń wà lẹ́yìn lẹ́tà. Onílẹ́tà tó bá ní òun fẹ́ máa ṣí ilẹ̀kùn kiri, ilẹ̀ á ṣú u síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí agboolé tí kò ní ibi kan tí ẹnìkan máa ń jókòó sí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ibẹ̀ lo máa lọ. Wà á kí i, wà á béèrè, yóò mú ọ dé iwájú ẹni tó ni lẹ́tà. Ibẹ̀ gan-an ni Màsúdát fi àmì rẹ̀ sí, ní ọgọ́sàn-án agboolé.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Màámi?"

"Mo ṣe bí gbogbo ayé ló mọ̀ ni."

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn kún. Tábìlì kan wà tí ẹ̀rọ ti ń bomi rin àgbàdo fúnra rẹ̀, òmíràn wà tí kọ̀ǹpútà ti ń gbẹ́ igi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi áàpù rẹ̀ han àwọn télọ̀, pé wọn kò ní í kọ ìwọ̀n oníbàárà sẹ́yìn páálí sìgá mọ́. Màsúdát gba iwájú gbogbo wọn kọjá, iwájú pátápátá ló lọ jókòó sí. Ẹnjiníà Láníyọnu dìde, ọkùnrin gíga, onísùúrù, tí kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá wọ̀n ọ́n. Ó fi àwòrán hàn lára ògiri. Kò dárúkọ Màsúdát, ṣùgbọ́n ó ní àwọn àmì kan wà tí wọn yóò yọ lọ́jọ́ náà, nítorí máàpù tí kò tọ́ka sí ilé kì í ṣe máàpù.

Màsúdát nawọ́ sókè, kò sì dúró kí wọ́n pè é kó tó dìde.

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ni àwọn àmì yẹn. Abéèrè kì í ṣìnà, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ béèrè gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti máa rí ẹni bi. Ẹ rán èèyàn méjì níṣẹ́ lọ sí agboolé kan ṣoṣo. Kí ọ̀kan lo orí òrùlé tiyín, kí ọ̀kan lo tèmi. Bí tiyín bá kọ́kọ́ jíṣẹ́, èmi fúnra mi ni n ó fi ìka mi yọ àmì mi, lójú gbogbo yín."

Moṣọpẹ́ di orí mú. Ojú Láníyọnu tàn. Màsúdát ti gbé ohun tó ṣeé wọ̀n kalẹ̀ fún un. "Alhaja, mo gbà," ó wí.

Nọ́ọ̀sì kan ló dárúkọ ẹni tí wọn yóò jíṣẹ́ fún: Asabe, aránfìlà, ní Ilé Olókòtò ní Pàkátà. Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é lórí fóònù. Wọ́n wá ọlọ́kadà méjì tí kò mọ Pàkátà. Ọláolúwa, tó ń gbé ní Fate níbẹ̀, gba máàpù òrùlé. Bilal, tó ń gbé ní àdúgbò Ṣàngó, gba àmì Màsúdát. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì ìpàtẹ kọ̀ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n gbé e fún Asabe, ó di eré.

Gbogbo gbọ̀ngàn kọjú sí ògiri, wọ́n ń wo ojú iná kékeré méjì, pupa àti búlúù, bí wọ́n ti ń rìn lórí máàpù. Tábìlì àgbàdo dá wà, àgbàdo ń mumi fúnra rẹ̀. Pupa Ọláolúwa ló ń ṣíwájú. Ó wọ Pàkátà, ó kọjú sí òrùlé, ó dúró. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ó rú Màsúdát lójú, ó mú etí ìborùn rẹ̀ dání. Láníyọnu tẹ fóònù sí gbangba kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Sà, mo ti dé. Áàpù ní mo ti dé."

"O ṣeun. Gbé e fún un."

"Ògiri ni mo rí, sà."

"Ògiri báwo?"

"Ògiri ni, sà. Ó ga. Kò nílẹ̀kùn. Ewúrẹ́ kan ló wà níbí, òun náà ń wò mí."

Ẹ̀rín pa gbọ̀ngàn. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni búlúù Bilal dé tirẹ̀, ó sì gbé kámẹ́rà fóònù rẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí ibi tó wà. Màsúdát na ọrùn. Ibi tí Alfa Sàní máa ń jókòó sí nìyí, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà àti búùtà omi rẹ̀, láti ìgbà tí Màsúdát ti ń gbé lẹ́tà. Ẹní wà nílẹ̀. Kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀.

Màsúdát ní nínú ara rẹ̀ pé Ẹnjiníà yìí jàre. Ènìyàn kì í ṣe ògiri, ènìyàn lè dìde kó lọ. Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀ tó fi ṣèlérí. Ká sọ òótọ́, ẹ̀rù bà á, irú ẹ̀rù tí kò bà á rí lójú ajá onílé kankan.

"Ta lẹ ń wá?" Ohùn kan ló jáde nínú fóònù. Kámẹ́rà yí. Obìnrin kan ń bọ̀ láti inú ilé, ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí, ó wá jókòó sórí ẹní yẹn gan-an. "Ẹ má bínú, omi ni mo lọ mu. Alfa ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn kan ní Ṣàngó. Èmi ni mo wà níbí. Ta lẹ ń wá?"

"Asabe aránfìlà ni, mà."

"Ẹ tẹ̀ lé mi."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹ̀gbẹ́ kànga, abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì. Asabe nìyẹn nídìí máṣíìnì rẹ̀. Bilal fa ṣẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, Asabe tú u, ó nà án síwájú, ó nà án sẹ́yìn. "Fìlà mélòó lẹ fẹ́ kí n rán nínú ẹ̀?" ó béèrè.

Àwọn ènìyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnìkan kígbe pé kí wọ́n wo ògiri. Pupa Ọláolúwa ti ń rápálá yí agboolé ká, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wá dúró lórí àmì Màsúdát. Nínú fóònù, wọ́n gbọ́ ọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Asabe ni mò ń wá." Wọ́n sì gbọ́ obìnrin ẹlẹ́gùúsí tó ti padà sórí ẹní: "Ìwọ náà? Kí ni Asabe ṣe lónìí?"

Láníyọnu rìn lọ sídìí ògiri, ó fi ìka kan ibi tí pupa àti búlúù ti jọ kọjá. Ó yíjú padà. "Mo ti ń wọn ilẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógún," ó wí. "Mi ò wọn ibi tí wọ́n ti ń kíni rí. Alhaja, àmì yín kò ní í kúrò. Òrùlé á wà níbẹ̀, tiyín á sì wà níbẹ̀, tiyín ni áàpù yóò kọ́kọ́ mú èèyàn lọ. Kí la ó máa pè é?"

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé *Béèrè níbí*."

Moṣọpẹ́ gbá Màsúdát mọ́ra, wọ́n jọ ṣubú lu àga. Bí ẹ bá rí àtẹ́wọ́ ọjọ́ yẹn! Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun kan kò jẹ́ kí Màsúdát jókòó sílé. Ó fẹ́ mọ obìnrin tó gbà á sílẹ̀. Ó gba Pàkátà lọ.

Bilkisu lorúkọ rẹ̀, aya ọmọ Alfa Sàní. Kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìpàtẹ. Ohun tó mọ̀ ni pé ọkùnrin méjì ń wá Asabe bí ẹni tó wá sin gbèsè. Màsúdát sọ ìtàn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló ní kó o máa jókòó síbí?" Màsúdát bi í.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Màámi. Nígbà tí Alfa lọ, mo ń rí i pé àwọn èèyàn ń dúró, wọ́n ń wo ẹní. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Kí Màsúdát tó fèsì, ọkùnrin kan tó ru àpò ìrẹsì dúró níwájú wọn, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní Ilé Eléèrù lòun ń wá. Màsúdát la ẹnu, ṣùgbọ́n Bilkisu ti ń dá a lóhùn: kó sọ̀ kalẹ̀, kó fi másálásí sọ́wọ́ òsì, tó bá dé ibi tí ọ̀nà ti pín, bàbá aránbàtà kan ń bẹ níbẹ̀, kó bi í, yóò mú un wọlé. Ó pé. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀, tó fi dórí bàbá aránbàtà.

Màsúdát pa ẹnu rẹ̀ dé. Inú rẹ̀ dùn ju ti ọjọ́ àtẹ́wọ́ lọ. Ó fa àtẹ ẹ̀gúsí súnmọ́ ara rẹ̀, ó ń bá Bilkisu bó o.