Nọ́ńbà Kan Tó Kù

Bí ẹ bá bi mí bóyá ọlọ́gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tàbí òmùgọ̀, mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan àti àga kan lọ. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé lẹ́tà tó kún fún àṣìṣe wá, á tún un ṣe títí á fi dùn ún kà. "Àǹtí Àtúnṣe" ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ àtúnṣe kankan. "Ohun tí wọ́n bá kọ ni kó o tẹ̀! Lẹ́tà mẹ́fà ni mo fẹ́ ní wákàtí kan, mẹ́ta lò ń ṣe. Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"

"Ẹ má bínú, sà." Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún bẹ̀rẹ̀. Inú fu, àyà fu ló fi ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta kan wọlé, ó na bébà sí i. Oṣù mẹ́jọ ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ọ̀gá yín ló ní kí ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí. Wọ́n ń wá ẹni tó ń yára tẹ̀wé. Èmi náà mọ̀ ọ́n tẹ̀ o, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbà mí ni."

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọkùnrin yìí ń tọrọ; òun ò mọ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ lẹ́tà náà dé ìsàlẹ̀, ó ka nọ́ńbà fóònù, ó tún un kà. Ó ku ẹyọ kan. Bó bá tẹ ohun tó rí, bí ọ̀gá ṣe pàṣẹ, kò sẹ́ni tó máa rí bàbá yìí pè láéláé. Orí rẹ̀ dàrú. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, nọ́ńbà yín ò pé."

"Háà! Méje ló gbẹ̀yìn. Ọlọ́run á ṣe é fún yín o, Àǹtí!"

Nígbà tó rò ó fún mi nílé, mo pariwo mọ́ ọn. "Àfọwọ́fà tiyín yìí mà pọ̀ o!" Ó rẹ́rìn-ín, ló bá tún bú sẹ́kún. "Àbúrò mi, ṣé mo ṣe dáadáa ni, àbí mo gọ̀?"

Ọ̀gá pe ọkùnrin náà lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dé tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣáá. Ó wo ṣọ́ọ̀bù náà yí ká.

"Àǹtí, níbo ni wọ́n máa gbé àga tèmi sí báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fọwọ́ nu àga náà fún un.